Bí Òní Ti Rí, Ọ̀la Kì í Rí Bẹ́ẹ̀: Akẹ́kọ̀ọ́-jáde, Wíwá Ọ̀nà àti Àìdánilójú ní Ìlú Benin

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí dá lé àkókò tí ó wà láàrin ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ parí ẹ̀kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti ọjọ́ tí ó fìdí múlẹ̀ nínú iṣẹ́. A ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó ka àkókò yìí sí àìsàn tí a gbọ́dọ̀ wò sàn ní kíá, tí èyí sì ń tì wọ́n sí ọwọ́ àwọn ẹlẹ́tàn. A lo èrò Yorùbá nípa orí, ẹsẹ̀ àti Ifá dídá lọ́rọọrún láti ṣàlàyé pé àìdánilójú jẹ́ ara ìgbé-ayé tí àwọn baba wa ti ṣètò fún. A mú àpẹẹrẹ wa láti inú ìtàn àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ Igun ní ìlú Benin. A pín àìdánilójú sí oríṣi méjì: èyí tí ó jẹ́ ti ọ̀la fúnra rẹ̀, tí a lè gbà mọ́ra, àti èyí tí ẹlòmíràn mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́ fún wa, tí a kò gbọdọ̀ gbà. A sì dá àbá fún akẹ́kọ̀ọ́-jáde, òbí àti ilé-ẹ̀kọ́.

1. Ìfáárà

Láti ìgbà tí ọmọ bá ti wọ jẹ́lé-ó-sinmi títí di ìgbà tí yóò ṣe ìdánwò àṣekágbá ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ẹlòmíràn ni ó ń la ọ̀nà fún un. Ìjọba ni ó ń ṣètò ohun tí yóò kọ́, ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń pín àkókò fún un, olùkọ́ ni ó ń sọ fún un bóyá ó yege tàbí kò yege. Bí ó bá parí ìpele kan, ó mọ èyí tí ó kàn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí èsì ìdánwò àṣekágbá bá jáde, gbogbo ètò yìí dópin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sí ìpele tí ó kàn mọ́, kò sì sí ẹni tí yóò lẹ àtẹ àkókò mọ́ ara ògiri.

Ìlú Benin jẹ́ ibi tí ó yẹ kí a ti wo ọ̀rọ̀ yìí fínnífínní, nítorí pé ìlú ilé-ẹ̀kọ́ ni. Láti 1970 ni ilé-ẹ̀kọ́ tí ó di Yunifásítì ìlú Benin ti wà níbẹ̀. Yunifásítì Igbinedion bẹ̀rẹ̀ ní Okada ní 1999, Yunifásítì Benson Idahosa sì tẹ̀ lé e ní 2002. Ní Ekiadolor, tí kò jìnnà sí ìgboro, iṣẹ́ kíkọ́ olùkọ́ ti pẹ́. Ọdọọdún ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ń tú ọ̀dọ́ jáde sí ojú títì kan náà. Àwọn iṣẹ́ tí ó ń dúró dè wọ́n kì í pọ̀ tó wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì mọ ibi tí wọn yóò kọjú sí ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé ọjọ́ ìkẹyìn.

Ohun tí a fẹ́ ṣe níhìn-ín kọjá ká máa kígbe pé iṣẹ́ kò sí. Ìyẹn ti di orin ojoojúmọ́. A fẹ́ wádìí bí ènìyàn ṣe ń gbé inú àkókò tí kò mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, láì jókòó tẹtẹrẹ, láì sì fi ara rẹ̀ ta ọfẹ́.

2. Àìdánilójú nínú èrò Yorùbá

Àwọn àgbà Yorùbá sọ pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni ó mú kí babaláwo máa dÍfá lọ́rọọrún. Òwe yìí wọ́pọ̀ débi pé a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbàgbé ìdajì rẹ̀ kejì. Ìdajì àkọ́kọ́ ń sọ pé ọ̀la kò dáni lójú. Ìdajì kejì ni ó ń sọ ohun tí ọlọ́gbọ́n ṣe nípa rẹ̀. Kò sọ pé babaláwo dá Ifá lẹ́ẹ̀kan kí ó lè mọ gbogbo ayé rẹ̀ tán. Kò sì sọ pé nígbà tí ọ̀la kò ti dáni lójú, kí babaláwo ká ọ̀pẹ̀lẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé ó ń padà wá béèrè ní ọjọ́ karùn-ún karùn-ún, bí a bá ka ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ìyẹn ni pé a gé àkókò kéékèèké, a ṣe ohun tí a rí fún ìwọ̀nba ọjọ́ yẹn, a sì tún ọ̀rọ̀ wò.

Èrò nípa orí náà fara pẹ́ èyí. Ìgbàgbọ́ Yorùbá ni pé ènìyàn ti yan orí kí ó tó dé ayé, ṣùgbọ́n bí ó ti dé ayé ni ó gbàgbé ohun tí ó yàn. Bí a bá rò ó dáadáa, ìgbàgbọ́ yìí kò sọ pé ọ̀nà kò sí. Ó sọ pé ọ̀nà wà, àmọ́ a kò rí i tán láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà ni a kì í fi dá orí nìkan: a máa ń fi ẹsẹ̀ tì í. Orí ni ó ń yan ibi tí à ń lọ, ẹsẹ̀ ni ó ń gbé e débẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́-jáde tí ó jókòó sílé tí ó ń sọ pé orí òun ni yóò ṣe é ti gbàgbé ẹsẹ̀. Èyí tí ó sì ń sáré káàkiri láì ronú ti fi ẹsẹ̀ ṣe orí.

Òwe mìíràn tún sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dé Ọjà Ọba ní Benin mọ̀ pé òótọ́ ni. Bí ọkọ̀ bá di ojú ọ̀nà kan pa, ọlọ́jà kì í sọ pé ọjà ti tú. Ọ̀nà mìíràn ni yóò gbà wọlé.

3. Ọ̀nà tí ó wà níwájú akẹ́kọ̀ọ́-jáde

Kí a tó sọ̀rọ̀ síwájú, ó yẹ kí a fi ìyàtọ̀ hàn láàrin akẹ́kọ̀ọ́-jáde yunifásítì àti ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́, nítorí pé ẹrù wọn kò dọ́gba.

Ẹni tí ó gba oyè dìgírì tàbí HND tí kò sì tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún ní afárá kan tí yóò gbà kọjá: ètò àgùnbánirọ̀. Ìjọba ológun Ọ̀gágun Yakubu Gowon ni ó dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún, 1973, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, kí àwọn ọ̀dọ́ lè mọ ara wọn ká orílẹ̀-èdè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń lò ní bùdó. Ti Ìpínlẹ̀ Ẹ̀dó wà ní Okada. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́ títí ọdún yóò fi yípo. Owó oṣù tí ìjọba àpapọ̀ ń san fún wọn, tí ó jẹ́ ₦33,000 láti 2020, ti di ₦77,000 báyìí. Kì í ṣe owó ńlá, ṣùgbọ́n ó fún ọ̀dọ́ ní ọdún kan gbáko tí ẹnikẹ́ni kò fi ní bi í pé kí ni ó ń ṣe nílé.

Ẹni tí ó gba NCE kò ní afárá yìí. Ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀ ni ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa kà sí èyí tí ó kéré jù tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ní kí ó tó kọ́ni, síbẹ̀ ètò àgùnbánirọ̀ kò gbà á. Ọjọ́ tí ó parí ni ó parí. Nítorí náà, òun gan-an ni ó kọ́kọ́ ń ko àìdánilójú lójú, nígbà mìíràn kí ó tó pé ọmọ ọdún méjìlélógún. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó sábà máa ń rí níwájú rẹ̀.

Ọ̀nà kìíní ni pé kí ó tẹ̀ síwájú lọ sí yunifásítì. Yóò gba fọ́ọ̀mù Direct Entry lọ́dọ̀ JAMB, bí wọ́n bá sì gbà á, ìpele kejì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni iṣẹ́ olùkọ́ fúnra rẹ̀. Òfin tí ó dá TRCN sílẹ̀ ní 1993 ni ó sọ pé olùkọ́ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, ìdánwò sì wà tí yóò yege kí ó tó gba ìwé-àṣẹ. Ọ̀pọ̀ ni kò ṣe é títí iṣẹ́ fi yọjú, wọ́n á wá máa sá sókè sá sódò. Ọ̀nà kẹta ni iṣẹ́ ọwọ́ tàbí òwò, èyí tí àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́: aṣọ rírán, irun ṣíṣe, oúnjẹ sísè fún ayẹyẹ, fóònù títúnṣe.

Kò sí èyí tí ó dáni lójú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àní iṣẹ́ olùkọ́ tí ó dà bíi pé kò lè yí padà ti yí padà lójú wa. Ní 2018, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ẹ̀dó lábẹ́ Gómìnà Godwin Obaseki bẹ̀rẹ̀ ètò EdoBEST, olùkọ́ tí ó ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ni fún ogún ọdún sì bá tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ti àwa tí a ń kọ́ni ní èdè abínibí tún wá kàmàmà. Ní oṣù kọkànlá, 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè yọ̀, wọ́n ní iṣẹ́ ti dé. Ní oṣù kọkànlá, 2025, ìjọba kan náà ní kí a pa ìlànà náà tì, pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wọlé nígbà tí ìlànà náà jáde ti parí NCE ọlọ́dún mẹ́ta kí ó tó gbọ́ pé wọ́n ti yí i padà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé gbogbo ìrètí rẹ̀ lé ẹnu ìjọba nìkan, orí afẹ́fẹ́ ni ó kọ́lé sí.

4. Ẹ̀kọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ Igun

Bí a bá ń wá ẹni tí yóò kọ́ wa bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú àìdánilójú, a kò ní láti jìnnà. Òpópónà Igun wà láàrin ìlú Benin, kò sì jìnnà sí ààfin. Ìdílé àwọn tí ń fi idẹ ṣe ère ni ó ń gbé ibẹ̀ láti ayébáyé, láti ọwọ́ baba sí ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọn yóò fi amọ̀ mọ inú ère náà. Wọn yóò fi ìda bo amọ̀ yìí, ara ìda ni wọn yóò sì ti gbẹ́ ojú, imú, ìlẹ̀kẹ̀ àti gbogbo ọnà. Wọn yóò tún fi amọ̀ mìíràn bo ìda náà, wọn yóò fi ihò sílẹ̀, wọn yóò sì fi iná sí i. Ìda yóò yọ́ jáde, àyè rẹ̀ yóò ṣófo. Àyè òfìfo yìí ni wọ́n ń da idẹ yíyọ́ sí. Láti ìgbà tí amọ̀ ti bo ìda títí di ìgbà tí wọn yóò fọ́ amọ̀ náà, kò sí ẹni tí ó lè rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú. Bí idẹ kò bá dé igun kan, wọn kò ní mọ̀ títí yóò fi tutù. Bí ó bá bàjẹ́, ìda ti lọ, amọ̀ ti fọ́. A tún bẹ̀rẹ̀ ni.

Oníṣẹ́ Igun kò mọ bí ère yóò ṣe rí, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀: kí amọ̀ dán, kí ọnà ara ìda péye, kí ihò má dí, kí iná gbóná tó. Ó ṣe ìpín tirẹ̀ dáadáa, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún iná. Èyí ni a pè ní fífara mọ́ àìdánilójú nínú iṣẹ́ yìí. Kì í ṣe ká káwọ́ gbera. Ó jẹ́ ká mọ ibi tí agbára wa dé, ká sì ṣe é dé ibẹ̀.

Ìtàn wọn tún kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kejì. Kí ó tó di 1897, Ọba Benin ni àwọn oníṣẹ́ Igun ń ṣiṣẹ́ fún. Òun ni ó ń ránṣẹ́, òun ni ó sì ni iṣẹ́. Ní oṣù kejì ọdún yẹn, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ ọnà lọ, iná jó ààfin, wọ́n sì lé Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar, níbi tí ó kú sí ní 1914. Fún ọdún mẹ́tàdínlógún, kò sí Ọba lórí ìtẹ́. Ẹ fojú inú wo ọ̀dọ́ kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ iṣẹ́ ní Igun ní ọdún náà. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni kan ṣoṣo tí ó ń gbéṣẹ́ fúnni kò sí mọ́. Kì í ṣe àìmọ̀wé tàbí àìmọṣẹ́ ni ó dé bá a. Ayé ni ó yí.

Nígbà tí Ọba Eweka Kejì gorí ìtẹ́ ní 1914, ó mú iṣẹ́ ọnà sọjí, àwọn oníṣẹ́ Igun sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta iṣẹ́ fún àwọn mìíràn yàtọ̀ sí ààfin. Títí di òní, ẹni tí ó bá lọ sí Igun yóò bá wọn lẹ́nu iṣẹ́. A kò ní sọ pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù kún un, nítorí pé ìpàdánù náà kò tíì tán. Títí di àkókò yìí ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣì ń dá díẹ̀díẹ̀ padà nínú ohun tí a kó lọ. Ohun tí a lè sọ ni pé iṣẹ́ kò kú pẹ̀lú agbanisíṣẹ́. Ìmọ̀ wà lọ́wọ́, ó sì rí ọ̀nà mìíràn gbà. Ìjọba ni Ọba tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́-jáde ń retí lónìí. Bí kò bá tètè pè wọ́n, iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ kò di asán.

Fún àpẹẹrẹ, ẹni tí ó kọ́ èdè Yorùbá ní Benin lè rò pé òun kò níbi tí òun yóò gbé e lọ láàrin àwọn tí ń sọ èdè Ẹ̀dó. Síbẹ̀, àwọn òbí tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ń wá ẹni tí yóò kọ́ ọmọ wọn ní Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tí ń ṣe fíìmù ń wá ẹni tí yóò túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ àwòrán. Rédíò ń wá ẹni tí yóò ka ìròyìn. Gbogbo wọn ni ó nílò ẹni tí ó lè fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ bí ó ti yẹ. Iṣẹ́ tí ó wà nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni, àyè mìíràn ni a kàn dà á sí.

5. Àìdánilójú tí a kò gbọdọ̀ gbà mọ́ra

Ó yẹ kí a ṣọ́ra níhìn-ín. Bí a bá sọ fún ọ̀dọ́ pé kí ó gba àìdánilójú mọ́ra láì ṣàlàyé, a lè fi ẹnu wa tì í sínú kòtò. Ìdí ni pé oríṣi àìdánilójú mìíràn wà tí kì í ṣe ti ọ̀la. Ẹnì kan mọ òótọ́ ọ̀rọ̀, ó sì fi pamọ́.

Ìlú Benin mọ èyí ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń ti Ẹ̀dó lọ sí Ítálì àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù mìíràn. Ọ̀pọ̀ ni ó gba aṣálẹ̀ kọjá, láti Kano dé Agadez ní Niger, láti ibẹ̀ dé Líbíà, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tí ó bá wọn ṣètò ìrìn-àjò yóò sọ pé iṣẹ́ ń bẹ ní òkè òkun, kò ní sọ irú iṣẹ́ náà. Yóò ní kí wọ́n san owó díẹ̀díẹ̀, kò ní sọ iye tí gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́. Yóò mú wọn lọ mulẹ̀ ní ojúbọ, kí ẹ̀rù lè máa bà wọ́n láti sá. Nígbà tí ọmọbìnrin náà bá débẹ̀, yóò rí i pé gbèsè rẹ̀ kò ní tán bọ̀rọ̀ àti pé ara rẹ̀ ni a fẹ́ kí ó fi san án.

Ìjọba àpapọ̀ ṣòfin ní 2003, ó sì dá àjọ NAPTIP sílẹ̀ láti gbógun ti òwò yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó wọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lára jù ni èyí tí ó ti ààfin jáde. Ní oṣù kẹta, 2018, Ọba Ewuare Kejì pe àwọn olóòṣà jọ, ó fi àwọn tí ń fi ọmọ ènìyàn ṣòwò gégùn-ún, ó sì tú àwọn tí wọ́n ti mú mulẹ̀ sílẹ̀ kúrò nínú ìmulẹ̀ náà. Ohun tí Ọba ṣe ni pé ó bá àwọn ọ̀dọ́ kọ àdéhùn tí wọn kò mọ inú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é.

Òṣùwọ̀n tí a lè fi mọ ìyàtọ̀ kò le. Bí o bá béèrè ìbéèrè, tí ẹni tí ó wà níwájú rẹ kò sì mọ ìdáhùn, àìdánilójú ti ọ̀la nìyẹn. Ẹ jọ wà nínú rẹ̀ ni. Bí o bá béèrè, tí ó mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n tí ó bínú pé o béèrè, padà sílé. Òṣùwọ̀n yìí kò mọ sórí ìrìn-àjò nìkan. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí ó fẹ́ gba olùkọ́ ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ kọ iye owó oṣù sínú ìwé, ẹni tí ó ń gba owó kí ó tó fi ibi iṣẹ́ hàn ọ́, ètò orí fóònù tí ó ní owó yóò di ìlọ́po méjì láàrin oṣù kan: ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, àmọ́ ẹni tí wọ́n kọ̀ fún pé kó má béèrè ti ń ṣìnà bọ̀.

6. Bí a ṣe lè gbé inú rẹ̀

Kí akẹ́kọ̀ọ́-jáde fi ọgbọ́n ọrún ṣètò ara rẹ̀. Dípò kí ó máa bi ara rẹ̀ pé kí ni òun yóò jẹ́ láyé, kí ó mú ìwọ̀nba àkókò, bí oṣù mẹ́ta, kí ó sì kọ ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ sílẹ̀: kí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, kí ó gba fọ́ọ̀mù JAMB, kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ilé-ẹ̀kọ́ márùn-ún, kí ó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan. Nígbà tí oṣù mẹ́ta bá pé, kí ó jókòó wo èyí tí ó ṣí àti èyí tí ó tì, kí ó tún òmíràn ṣètò. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Kí ó béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn tí ó jáde ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú rẹ̀. Ọ̀nà tí àwa olùkọ́ wọn gbà ti hu koríko. Àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni ipa ẹsẹ̀ wọn ṣì hàn nílẹ̀. Kí ó má sì dá nìkan wà. Àwọn mẹ́wàá tí ó jọ jáde lè dá àjọ, kí wọ́n máa kó o fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láti fi san owó ìdánwò tàbí ra ẹ̀rọ ìránṣọ. Owó náà ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n pé ènìyàn mẹ́wàá ń rí ara wọn lóṣooṣù ṣe pàtàkì jù ú lọ, nítorí pé ibi tí ọ̀dọ́ bá ti ń dá ronú ni ẹlẹ́tàn ti ń rí i mú.

Àwọn òbí náà ní ipa. "Ṣé o ti ríṣẹ́?" jẹ́ ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ, bí a bá sì ń bi ọmọ bẹ́ẹ̀ láràárọ̀, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni yóò máa fi jẹun. "Kí ni o gbìyànjú lọ́sẹ̀ yìí?" dára jù ú lọ. Ọmọ tí ó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Ìbéèrè kejì yìí ni ó ń jẹ́ kí òbí rí apá tí ọmọ ṣí.

7. Àgbálọgbábọ̀ àti àbá

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé àkókò àìdánilójú lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ gíga kì í ṣe àmì pé ènìyàn ti kùnà. Èrò Yorùbá ti fi àyè sílẹ̀ fún un, ìtàn Igun sì fi hàn pé ìmọ̀ lè pẹ́ ju agbanisíṣẹ́ lọ. A tún ti fi hàn pé a gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ láàrin ọ̀la tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ àti òtítọ́ tí ẹnì kan fi pamọ́.

Ní ìparí, a dá àbá pé kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ fi ìforúkọsílẹ̀ TRCN sínú iṣẹ́ ọdún ìkẹyìn, kí ó má baà jẹ́ lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ ti túká ni a ó máa sọ ọ́. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan máa pe àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde padà lọ́dọọdún láti wá sọ ohun tí ojú wọn rí fún àwọn tí ó fẹ́ jáde. Kí a sì kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti ka àdéhùn kí ó tó fọwọ́ sí i, yálà iṣẹ́ ni tàbí ìrìn-àjò. Títí tí ìjọba yóò fi wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ àgùnbánirọ̀ fún àwọn tí ó gba NCE, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ wọn ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jẹ́ afárá fún wọn.